Bàtà Méjèèjì Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ni Ojú-Àwòdì padà sẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Àwọn ará ilé ìtẹ̀wé ló fún un lórúkọ náà nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe: òun ló máa ń ka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, á máa ṣa àṣìṣe inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ọdún méjìlélógún ló ti wà nídìí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè na ìka sí àṣìṣe kan pé ó gba abẹ́ ojú rẹ̀ kọjá.

Yàrá rẹ̀ wà lókè àtẹ̀gùn, kò sì fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè na apá sí lọ. Tábìlì kan, àga méjì, bírò pupa mẹ́ta nínú ife tí etí rẹ̀ ti dá, àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀ gan-an. Tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, tíì inú ife á sì máa mì.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Olóòtú ránṣẹ́ pè é. Ó bá ọkùnrin kan lọ́dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó sanra, tó jókòó bí ẹni tó ti ra àga náà. Òǹkọ̀wé ni, bíi ti ọkọ rẹ̀ tó kú. Ìbọn-Mẹ́fà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ìwé rẹ̀ kan kì í dé ojú ewé kẹwàá kí ìbọn mẹ́fà má tíì dún nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú ara fẹ́ra kù," Ìbọn-Mẹ́fà dìde díẹ̀, ó tún jókòó. "Ọlọ́run á tu yín nínú."

"Ẹ ṣé."

"Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ yín ni," Olóòtú ní. Ó ń yí gíláàsì ojú rẹ̀ lọ́wọ́, kò fẹ́ wo ojú obìnrin náà. "Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí."

Ó mọ̀. Ìwé ọ̀daràn ni ọkọ rẹ̀ ń kọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn, *Ilé Lọ́yà*, orí méjìlá ló parí nínú rẹ̀ kí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí kẹtàlá, èyí tó yẹ kó sọ ẹni tó pa lọ́yà fún wa, kò sí. Ohun tó fi sílẹ̀ ni ojú ewé kan tó kọ "Orí Kẹtàlá" sókè rẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i nídìí, ìyókù wà ní funfun láúláú.

"Orí mẹ́fà àkọ́kọ́ ti ń wọ ẹ̀rọ lọ," Olóòtú ń bá a lọ. "Ọjọ́ Ajé, agogo méjìlá ọ̀sán, ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé. Àwọn tó ń ka ọkọ yín ń béèrè, a ò lè fún wọn ní ìwé tí kò ní ìparí. Mo ti bẹ ọ̀gbẹ́ni yìí pé kó bá wa parí rẹ̀."

"Ó sì ti wà lórí mi ná!" Ìbọn-Mẹ́fà na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Àwọn ọlọ́ṣà mẹ́ta yẹn sá lọ sí èbúté. Òjò ń rọ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yọ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi kan. Ó ní, 'Ẹ dúró!' Wọn ò dúró..."

"Ìbọn mẹ́fà," Olóòtú ní.

"Mẹ́jọ. Ọ̀rẹ́ mi ló kú. Mo fi méjì lé e."

Ojú-Àwòdì ò mọ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. "Ta ló sọ fún yín pé àwọn ọlọ́ṣà ló pa á?"

"Ọkọ yín náà ni! Orí mẹ́wàá gbáko ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi lé wọn kiri. Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Ohun tó ń mú ìwé ọ̀daràn dùn kò ju eré sísá lọ. Ẹnì kan ń sá, ẹnì kan ń lé, ẹni tó ń kàwé ò lè mí. Gbogbo ìyókù, ọ̀ṣọ́ lásán ni."

Ọkọ rẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ní ogún ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, ìbọn kan ò dún rí nínú ìwé rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ, tí á bá ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí nírọ̀lẹ́, ni pé ìwé ọ̀daràn tó dáa kì í fi òótọ́ pamọ́ fún ọ. Á gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ ní ọ̀sán gangan, ìwọ lo máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Tó o bá wá dé òpin, ara rẹ lo máa bá wí, kì í ṣe òǹkọ̀wé.

"Ẹ fún mi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé," ó ní.

Olóòtú gbé ojú sókè. "Ẹ mọ ẹni tó pa á ni?"

"N ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Orí ibùsùn kan náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń sùn, ọkùnrin náà sì gbé orúkọ apànìyàn rẹ̀ wọ sàréè lọ. Tí kò bá rí i kó tó di ọjọ́ Ajé, orúkọ ọkọ rẹ̀ á wà lára èèpo ìwé, ìbọn mẹ́jọ ẹni ẹlẹ́ni á sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá aráyé sọ.

"Ó dáa," Olóòtú ní. "Ọjọ́ Ajé. Àmọ́ kí òun náà máa kọ tiẹ̀ lọ."

*

Ó gbé ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sílé, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ilé ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́yà kan kú sínú yàrá ìkàwé rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Irin tó fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi gbá a lẹ́yìn orí. Ẹni kan ṣoṣo ló wà nítòsí: ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì. Ọlọ́pàá orí káńtà gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà ń ronú lọ lójú títì, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ọkọ̀ gbá a. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kú sí i lẹ́nu nìyẹn. Ohun tó kù kò ju ìlà mẹ́fà tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ní orí kẹta:

*Wọ́n wọlé ní agogo mẹ́rin. Wọ́n bọ́ bàtà méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà. Àpò kan ni wọ́n gbé dání. Wọn ò pẹ́ tí wọ́n fi jáde. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. N ò mọ ohun tí wọ́n lọ ṣe.*

Nítorí pé ọlọ́ṣà mẹ́ta kan ń da ìlú náà láàmú lásìkò yẹn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dìde sí wọn. Àárín òjò, ẹ̀yìn ilé ọtí, àjà ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, kò síbi tí kò dé.

Ojú-Àwòdì rí ìlà pupa tí òun fúnra rẹ̀ fà sí ìlà kejì. Ó ti gé "méjèèjì" kúrò, ó kọ "wọn" dípò rẹ̀: *Wọ́n bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà.* Ó rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ilé ìwòsàn ni, ó ń ka ìwé sí ọkọ rẹ̀ létí ibùsùn.

"Mo rí ọ mú lónìí," ó sọ fún un. "Ọlọ́ṣà mẹ́ta, bàtà méjì. Ta ló wọ bàtà nínú wọn, ta ló rìn ní ẹsẹ̀ lásán?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́, títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ padà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọlọ́pàá inú ìwé yìí," ó ní, "ìwọ gan-an ni."

Ojú-Àwòdì rò pé ó ń yin òun ni. Ó fi inú dídùn lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó sì kó ẹ̀dà orí mẹ́fà fún àwọn tó ń to ọ̀rọ̀; ìwé àfọwọ́kọ gan-an ṣì wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ kú.

Ó kà á ní Ọjọ́bọ̀, ó kà á ní àárọ̀ Ẹtì. Ó to àwọn ènìyàn inú ìwé náà sórí bébà: ìyàwó lọ́yà, awakọ̀ rẹ̀, àti Ìyá Tíṣà, obìnrin àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé ilé kejì. Òun ló kọ́ lọ́yà níwèé ní kékeré. Ní orí keje, ó fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo han ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọmọ tó kú sẹ́wọ̀n. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá a kẹ́dùn, ó mu tíì rẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ láti lé ọlọ́ṣà. Nínú gbogbo èyí, Ojú-Àwòdì ò rí ojú abẹ́ tó lè fi gé ọ̀rọ̀ náà.

*

Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, ó jáde lọ ra burẹ́dì. Nígbà tó padà dé, aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ń gán etí aṣọ. Abẹ́rẹ́ olórí kún ètè rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Wọ́n wá o."

"Àwọn wo?"

"Ará ọkọ yín ni. Wọ́n dúró títí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní agogo márùn-ún." Ó tún fi abẹ́rẹ́ kan sẹ́nu, ọ̀rọ̀ sì tán.

Ojú-Àwòdì gun àtẹ̀gùn lọ. Látìgbà ìsìnkú, gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ò tíì jọ wọlé wá bá a. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ tí wọ́n fi ń wá lọ́pọ̀ báyìí? Ṣé ilé ni? Ó sáré gbálẹ̀. Ó kó ìwé àfọwọ́kọ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó yá àga méjì lọ́wọ́ aránṣọ, ó gbé omi kaná, ó sì to ife mẹ́fà sórí tábìlì.

Ní agogo márùn-ún, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ẹni kan ló dúró síbẹ̀: ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí tilé-toko ń pè ní Àǹtí Àgbà.

"Ẹ káàbọ̀, mà." Ó kúnlẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn.

Àǹtí Àgbà wọlé, ó wo àga, ó wo ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. "Ìyàwó wa, ta lò ń retí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi nìkan? Ṣé mo wá sanra tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Aránṣọ ló ní... ó ní wọ́n wá. Mo rò pé gbogbo yín ni."

"Èmi ni mo wá. Báwo lo ṣe fẹ́ kó sọ ọ́? Kó ní 'ó wá'? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí?" Àǹtí Àgbà jókòó, ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ń pe ọkọ rẹ̀ ní 'ìwọ'. Ogún ọdún, o ò fi ẹnu rẹ yẹn pe àbúrò mi ní 'ẹ' lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ọmọ kíláàsì kan náà ni wá ní míṣọ̀n, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, 'Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.' Bó ṣe máa ń..."

Ojú-Àwòdì ò gbọ́ ìyókù. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Àǹtí Àgbà bọ́ bàtà rẹ̀ sí. Bàtà dúdú, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá kan. Bàtà méjèèjì, wọ́n dúró ti ara wọn.

*Wọ́n bọ́ bàtà méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà. Àpò kan ni wọ́n gbé dání. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́.*

Ó gbé kẹ́tùlù kalẹ̀. Ó gbé ìwé náà sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń ṣí i. Orí kìíní ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì yìí, ọ̀yájú ni. Ọ̀gá rẹ̀, "ó" ló ń pè é. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, "ó." Ọ̀gá ọlọ́pàá pàápàá, "ó." Ojú-Àwòdì ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà nígbà náà pé ọkùnrin yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, ó sì fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọkọ rẹ̀ ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ẹnu rẹ̀ nìyẹn." Ojú-Àwòdì wá ń wá ibi kan ṣoṣo tí ẹnu náà ti yí padà. Ó rí i ní orí kejì, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń ka ìwé ìròyìn nídìí géètì tó sì ń dá awakọ̀ lóhùn: *Ìyá Tíṣà ló kọ́ mi. Wọ́n ń kọ́ mi ní lẹ́tà méjì méjì lójoojúmọ́. Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.*

Ẹni kan ṣoṣo láyé ni ọkùnrin yẹn ń bọ̀wọ̀ fún. Kò parọ́ fún ọlọ́pàá. Kò sì tú àṣírí olùkọ́ rẹ̀. Ó kàn sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ọlọ́pàá tó gbọ́ "wọ́n" ka ènìyàn mẹ́ta.

"Àǹtí," ó ní, "mo ti mọ ẹni tó pa á."

Àǹtí Àgbà dìde fùú. "Wọ́n pa ta?"

"Lọ́yà ni."

"Lọ́yà wo? Yéè! Nínú ilé yìí?"

"Nínú ìwé ni, mà. Ẹ jókòó. Ìwé ọkọ mi ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa èmi náà mọ́ ọn." Àǹtí Àgbà gbá àyà mú, ó jókòó padà.

Nígbà náà ni Ojú-Àwòdì ṣí orí kẹta, ibi ìlà pupa rẹ̀. Ó gbé e súnmọ́ iná. Lábẹ́ "méjèèjì" tó ti gé, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù to àmì tóótòòtó mẹ́fà tó ti ṣá, kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Wọn ò tò dáadáa, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, bí ọwọ́ aláìsàn ṣe máa ń rí. Òun ló kọ́ ọkọ rẹ̀ ní àmì náà ní ọdún tí wọ́n fẹ́ra wọn. Nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tí o bá gé ọ̀rọ̀ kan tán tí o wá rí i pé kò yẹ kó o gé e, ìwọ á to tóótòòtó sábẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọkọ rẹ̀ ti rí àṣìṣe tó ṣe. Kò sọ nǹkan kan fún un, torí pé tó bá sọ ọ́, ìtàn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn náà tàn jẹ, inú rẹ̀ sì dùn. Ó fẹ́ kó gbádùn rẹ̀ títí dé òpin. Ó rò pé òun máa wà níbẹ̀.

Ojú-Àwòdì gbé orí lé bébà náà, ó sì sunkún, irú ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ ìsìnkú. Àǹtí Àgbà dìde, ó bu tíì sínú ife méjì, ó da mẹ́rin yòókù dé. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Ó dáa bó o ṣe sun ún," ó ní. "Mu tíì."

*

Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi ló fi kọ orí kẹtàlá. Ojú ewé mẹ́rin péré ni. Ìbọn kankan ò dún. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé Ìyá Tíṣà lọ ní ọ̀sán, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà méjì tó bá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì kí i. Ìyá Tíṣà ní, "O pẹ́ kó o tó dé." Ó ṣí àpò rẹ̀, ó yọ lẹ́tà kan jáde, lẹ́tà tó yẹ kó gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, tí lọ́yà sì jókòó lé fún ọdún mọ́kànlá. Ó ní kó jẹ́ kóun fọ ife tíì kí àwọn tó máa lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dúró. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìbọn-Mẹ́fà ti dé ṣáájú rẹ̀, ó gbé ogójì ojú ewé lé itan. Ojú-Àwòdì ò jókòó. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ náà sí wọn létí, ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ ọ́. Ó wá ka ohun tí ẹ̀ṣọ́ sọ fún awakọ̀.

Olóòtú yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ìbọn-Mẹ́fà fò dìde.

"Mo ka ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin! Èdè ìyá mi ni! Ọjọ́ wo ni mo fi 'ó' pe ìyá mi rí?" Ó na ọwọ́ gba ojú ewé mẹ́rin náà, ó kà á, ó dá a padà. Ó kó ogójì tirẹ̀ sínú báàgì, ó fa ṣíìpù rẹ̀ pa. "Ọkùnrin yẹn rí mi mú. Ẹ má dín ọ̀rọ̀ kan kù nínú rẹ̀, Àǹtí."

"Ó ku ohun kan," Ojú-Àwòdì ní. "Nínú orí kẹta tí ẹ tẹ̀ ní Ẹtì, 'méjèèjì' ò sí níbẹ̀. 'Bàtà wọn' ló wà níbẹ̀. Tó bá jáde bẹ́ẹ̀, òpin ìwé ò lẹ́sẹ̀ tó máa fi dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ tún ewé yẹn tẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀?" Olóòtú dìde. "Ta ló ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọdún méjìlélógún.

"Èmi ni."

Olóòtú wò ó títí, lẹ́yìn náà ó rìn lọ sórí àtẹ̀gùn, ó sì ké sí onímáṣíìnì nísàlẹ̀ pé kó dá ẹ̀rọ dúró. Ilé náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú-Àwòdì padà sí yàrá rẹ̀. Tíì inú ife rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò mì.

Ó mú bírò pupa, ó kọ "méjèèjì" padà sí ààyè rẹ̀ lórí ewé orí kẹta, ó sì to tóótòòtó mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀. Tiẹ̀ tò dáadáa.

Kò pẹ́ tí onímáṣíìnì fi gòkè wá, ọ̀dà ìtẹ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, bébà kan lábẹ́ apá.

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀gá ní kí n béèrè. Orí tó kẹ́yìn yìí, ta ni ká sọ pé ó kọ ọ́? Ṣé ẹ̀yin ni àbí ọkọ yín?"

Ojú-Àwòdì na ewé orí kẹta náà sí i.

"Àwọn ni," ó ní.

Onímáṣíìnì kọ orúkọ kan ṣoṣo sílẹ̀, ti olóògbé, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.